Ọjọ́ Mẹ́jọ Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Sìgá

Ní ọdún 2012 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gánà fọwọ́ sí Òfin Ìlera Gbogbo Ìlú, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 851. Apá kan pàtàkì nínú òfin náà dá lórí tábà. Ó kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nínú ilé iṣẹ́ tàbí ní ibikíbi tí tọmọdé tàgbà ń wọ̀, àfi níbi tí a bá dìídì yà sọ́tọ̀ fún un. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ó fi òfin de ìpolówó rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1982 ni àṣẹ ìjọba ti ń dènà irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016, ìlànà mìíràn tún tẹ̀lé e, tí ó ní kí a máa tẹ àwòrán àrùn tí sìgá ń fà sí ara páálí rẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀wé kà náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Iṣẹ́ tí ó yẹ kí á yìn ni èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ṣùnnùkùn wò ó, a ó rí i pé ẹni tí òfin náà ń bá wí jù ni ẹni tí ó ń tà á, ẹni tí ó fẹ́ polówó rẹ̀, àti ẹni tí ó ń mu ún níbi tí kò yẹ. Ẹnì kan ṣẹ́kù tí ìtanràn kò lè ràn lọ́wọ́. Ẹni náà ni ẹni tí ó ti ń mu sìgá láti ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún, tí ó fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀, tí ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí apá rẹ̀ kò sì ká a. Kì í ṣe òfin ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá. Ohun tí ó ń wá ni ẹni tí yóò bá a la ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo já.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ Yorùbá ju bí púpọ̀ nínú wọn ti rò lọ. Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná ni àwọn ènìyàn láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ìlọrin ti ń ṣòwò ní Gánà. Àdúgbò tí à ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Ìlú Takoradi ni wọ́n ti ń ṣe sìgá tí àwọn ará Gánà ń mu fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ní ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ British American Tobacco ti ilé ìṣesìgá náà pa, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà rẹ̀ wọlé láti ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí ó ti ṣí ilé ìṣesìgá ńlá kan ní Ìbàdàn ní ọdún 2003. Bẹ́ẹ̀ ni sìgá tí ó jáde ní Ìbàdàn ṣe ń jó lẹ́nu èrò ọjà Makola.

Àwọn tí ń mu sìgá kò pọ̀ ní Gánà. Ìwádìí tí ìjọba ṣe láti ilé dé ilé ní ọdún 2008 àti 2014 fi hàn pé kò tó ọkùnrin mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí ń mu ún, kò sì tó obìnrin kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun ayọ̀ ni èyí jẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro tirẹ̀ nínú, ìṣòro tí a kì í sábà mẹ́nu kàn. Níbi tí àwọn amusìgá bá ti kéré, ojú burúkú ni gbogbo ayé fi ń wò wọ́n. Ìyàwó kò fẹ́ ẹ, pásítọ̀ ń bá a wí, lémọ́ọ̀mù ń wàásù lórí rẹ̀, bàbá àgbà sì ń sọ pé ọmọ ìta ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń mu ún ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn ilé tàbí ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, tí wọ́n á sì jẹ súwíìtì tàbí obì lé e kí wọ́n tó wọlé. Ẹni tí ó bá sì ń mu sìgá ní ìkọ̀kọ̀, ìkọ̀kọ̀ náà ni yóò ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀. Nígbà tí inú bá ń bí i sódì ní ọjọ́ kejì, aya rẹ̀ kò mọ ohun tí ó dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ á máa sá fún un. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ á ní ó ti ya aláfojúdi. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé, ‘Ẹ rọ́jú, yóò rọ̀ bí ó bá di ọjọ́ mélòó kan,’ nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ń ja ogun kankan.

Ogun ni, kì í ṣe àbùmọ́. Ohun tí ó wà nínú ewé tábà tí ó ń di ènìyàn mú ni à ń pè ní nikotíìnì. Bí ènìyàn bá ti fa èéfín sínú, kò ju bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún lọ tí nikotíìnì fi ń dé inú ọpọlọ, níbi tí ó ti ń tú ohun kan sílẹ̀ tí ó ń mú ara yá. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára. Láàrin nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti lọ, ọpọlọ tí ó ti mọ́ lára láti máa gbà á yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń mu sìgá fi máa ń sọ pé sìgá ni ó ń fi òun lọ́kàn balẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìnira tí sìgá ìṣáájú dá sílẹ̀ ni èyí tí ó ń mu lọ́wọ́ ń pẹ̀rọ̀ sí. Ó dà bí ẹni tí ó jẹ gbèsè lọ́wọ́ sógundógójì, tí ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá tún yá a ní owó tí yóò fi san èlé. Ní ọdún 1988 ni ọ̀gá àgbà oníṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bárakú gidi ni nikotíìnì, gẹ́gẹ́ bí kokéènì àti heroíìnì ṣe jẹ́. Kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní aláìníjàánu, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ó dì í mú.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí nípa àwọn tí wọ́n dá jáwọ́ láìsí ìrànlọ́wọ́, tí wọ́n sì kó àbájáde rẹ̀ jọ ní ọdún 2004, wọ́n rí i pé láàrin ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn padà sídìí rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó dá a gbìyànjú, nǹkan bí ẹni mẹ́ta sí márùn-ún ni ó ṣì dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Iye yìí lè dẹ́rù ba ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ohun tí ó ń sọ ni pé odò náà jìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ó jìn jù kò fẹ̀.

Yorùbá mọ ohun tí ọjọ́ kẹjọ jẹ́, nítorí ọjọ́ náà ni à ń sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn Ga tí wọ́n ni ilẹ̀ Accra pẹ̀lú, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń gbé ọmọ tuntun jáde síta nínú ayẹyẹ tí wọ́n ń pè ní kpodziemo. Wọ́n gbà pé ọmọ tí ó bá ti la ọjọ́ méje já ti fi hàn pé òun wá láti dúró. Kí ó tó di ìgbà náà, inú ilé ni ọmọ ń gbé, ojú àwọn àgbà kì í sì í kúrò lára rẹ̀. Ìpinnu ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìgá sílẹ̀ kò lágbára ju ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Accra àti ní ọ̀pọ̀ ìlú wa ni pé à ń gbé ọmọ náà sínú òjò, à sì ń yà wá lẹ́nu pé kò yè.

Ẹ jẹ́ kí á fi awakọ̀ trotro kan ṣe àpẹẹrẹ, irú àwọn tí ń gbé èrò láti Kaneshie lọ sí Circle. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni ó mu èyí tí ó kẹ́yìn. Ó dìídì yan ọjọ́ náà nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ kì í jáde ní ọjọ́ Ìsinmi. Ó kó ìṣáná àti páálí tí ó kù dànù; kò fi ọ̀kan pamọ́ sínú ọkọ̀ nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá le, nítorí ẹni tí ó bá fi ọ̀kan pamọ́ ti mú ọjọ́ tí yóò mu ún. Láàrin ogún ìṣẹ́jú, ọkàn rẹ̀ tí ó ń yára lù ti rọlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wákàtí méjìlá yóò fi pé, oró carbon monoxide tí èéfín sìgá máa ń kó sínú ẹ̀jẹ̀ ti dín kù títí ó fi bá ti àwọn ènìyàn yòókù dọ́gba. Ọkùnrin náà kò mọ nǹkankan nípa gbogbo èyí. Ohun tí ó mọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni pé ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ ohun kan, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ ibi tí yóò wọ̀.

Ọjọ́ Ajé, tí í ṣe ọjọ́ kejì, ni ogun náà dé ojú rẹ̀, ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni ó sì sábà máa ń le jù. Orí ń fọ́ ọ. Ọmọ tí ń pe èrò ń ké ‘Circ! Circ!’ bí ó ti máa ń ké lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n lónìí ariwo náà ń gún un létí bí abẹ́rẹ́. Èrò kan bèèrè ṣéńjì rẹ̀, ó jágbe mọ́ ọn. Ní ibùdókọ̀, awakọ̀ mìíràn na páálí sí i.

‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ọ̀kan. Ojú yín ti fà ro.’

‘O ṣeun, àbúrò. Mo ti fi í sílẹ̀.’

‘Láti ìgbà wo?’

‘Láti ìjẹta alẹ́.’

Èkejì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yìí ni ó ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà ju ẹ̀fọ́rí lọ.

Ohun tí ó yẹ kí irú awakọ̀ yìí mọ̀ ni pé òǹgbẹ sìgá kì í dúró sójú kan. Ó ń ru bí ìgbì etíkun Labadi ni, tí yóò wú, tí yóò dé góńgó, tí yóò sì padà sẹ́yìn, yálà ènìyàn mu sìgá tàbí kò mu ún. Bí a bá fi aago wò ó, èyí tí ó le gan-an nínú rẹ̀ kì í sábà pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Kò tó àkókò tí trotro fi ń kún. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí ènìyàn búra pé òun kò ní mu sìgá mọ́ títí òun yóò fi kú ni iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni kí ó wá nǹkan ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ó mu omi inú ọ̀rá kan. Kí ó rìn yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, kí ó yẹ táyà wò. Kí ó fi pákò sẹ́nu, nítorí pákò ń fún ẹnu àti ọwọ́ níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì wọ́n. Kí ó mí kanlẹ̀ ní ìgbà mélòó kan. Bí òǹgbẹ náà bá tún dé lẹ́yìn wákàtí kan, kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, yóò ṣàkíyèsí pé ìgbì náà kò wú tó bí ó ti ń wú mọ́, àlàfo tí ó wà láàrin méjì sì ti ń gùn sí i.

Nǹkan kan wà tí kò pọ̀ nínú àwọn tí ń jáwọ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n. Èéfín sìgá máa ń mú kí ara yára da oró inú kọfí nù. Bí ènìyàn bá fi sìgá sílẹ̀, tí ó sì ń mu kọfí bí ó ti ń mu ún tẹ́lẹ̀, kọfí náà yóò pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, àyà rẹ̀ á máa já, kò ní rí oorun sùn, yóò sì rò pé àìmu sìgá ni ó ń pa òun. Kí ó dín in kù sí ìdajì ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn oògùn kan rí. Ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí ó ń lo oògùn àìsàn ọpọlọ, tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun ń jáwọ́, nítorí ìwọ̀n tí ó ń lò lè fẹ́ àtúnṣe.

Àwọn ìnira yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ lórí. Oorun á máa já lójú ènìyàn lóru, àlá á sì pọ̀. Ikọ́ lè pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀, èyí tí ó ń dẹ́rù ba àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń gbá ilé rẹ̀ mọ́. Ikùn lè le. Oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wààkyè tí à ń rà ní òwúrọ̀ á sì di ìlọ́po méjì bí ènìyàn kò bá ṣọ́ra. Láàrin ọdún kan, ẹni tí ó jáwọ́ máa ń sanra tó kílò mẹ́rin sí márùn-ún. Ewu èyí kò tó ìdá kan nínú ewu sìgá. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, púpọ̀ nínú ìnira ara yóò ti rọlẹ̀.

Ní Nima àti ní àwọn Zongo mìíràn ní Accra, ohun kan ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún tí ó yẹ kí á ronú lé lórí. Nínú oṣù Ramadan, Mùsùlùmí tí ó ń mu sìgá kì í fi í kan ẹnu láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀, èyí tí ó lé ní wákàtí mẹ́tàlá. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó ń sọ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e pé òun kò lè pé wákàtí méjì láìmu ún. Kí ni ó yàtọ̀? Ara rẹ̀ kò yí padà. Nikotíìnì kò gbààwẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé nínú oṣù Ramadan, gbogbo ilé mọ ohun tí ó ń ṣe, gbogbo àdúgbò ń bá a ṣe é, kò sí ẹni tí yóò na páálí sí i, bí inú bá sì bí i ní ọ̀sán, àwọn ará ilé á ní ààwẹ̀ ni. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú Ọlọ́run ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n àwùjọ ni ó fi í ṣe odi. Ó ṣeni láàánú pé bí oòrùn bá ti wọ̀ tán, púpọ̀ nínú wọn á mu mẹ́ta papọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èrè ọ̀sán á ṣòfò. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáwọ́ kò lè rí ìgbà tí ó dára ju oṣù yìí lọ, bí ó bá lè fi òru kún ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ àwùjọ yìí ni ó mú wa padà sọ́dọ̀ awakọ̀ wa. Ó la ọjọ́ kẹta já, ó la ọjọ́ kẹrin já. Ní ọjọ́ kẹfà, inú rẹ̀ dùn, ó sì rò pé ogun ti parí. Ọjọ́ kejì ni ewu tí ó tún kù dé, nítorí Sátidé ni ọjọ́ ìnáwó òkú ní Gánà. Aṣọ dúdú àti pupa kún ojú títì, orin ń dún, bíà ń ṣàn, àwọn kan sì ń gbé ògógóró tí àwọn ará Gánà ń pè ní akpeteshie kiri. Ọtí àti sìgá ti ń rìn pọ̀ tipẹ́. Ọtí ń tú ìpinnu bí omi gbígbóná ti ń tú iyọ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n padà sídìí sìgá ni wọ́n sì ti ọwọ́ ọtí padà. Bí awakọ̀ náà bá gbọ́n, yóò lọ kí ẹbí olóògbé ní òwúrọ̀, yóò fi owó rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì kúrò níbẹ̀ kí bíà tó dé. Ẹni tí ó bá rò pé òun lè fi ṣíṣà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fà ní àwọn ilé fàájì Accra rọ́pò sìgá, kí ó mọ̀ pé tábà ni ṣíṣà náà, àti pé èéfín tí ènìyàn ń fà láàrin wákàtí kan nídìí rẹ̀ ju ti ẹyọ sìgá kan lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ kí á gbé lé òun nìkan lórí. Bí ó bá ti sọ fún aya rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, tí ó ní, ‘Ìyá ọmọ mi, bí mo bá kanra ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí,’ ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ìyàwó kò ní láti ṣe ọlọ́pàá, kò sì ní láti máa gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀ bí ó bá wọlé. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó má ka àwọn àṣìṣe àtẹ̀yìnwá sí i létí, kí ó fi ìjà tí kò jẹ́ kánjúkánjú sí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó sì ka ọjọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí ó ti jáwọ́ rí wúlò ju dókítà mìíràn lọ, nítorí ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣe òun ní ọjọ́ kẹta.

Ìjọba pẹ̀lú ní ẹrù tirẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004 ni ilẹ̀ Gánà tẹ́wọ́ gba àdéhùn gbogbo ayé lórí ìkáwọ́ tábà, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ìpín 14 nínú àdéhùn náà sọ pé kí orílẹ̀-èdè tí ó bá fọwọ́ sí i ran àwọn tí wọ́n fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́, kí ó sì tọ́jú bárakú náà bí a ti ń tọ́jú àìsàn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Àjọ náà tún gbé ìlànà ìtọ́jú jáde fún àwọn àgbàlagbà. Ó fọwọ́ sí ṣingọ́ọ̀mù àti bébà àlẹ̀mára tí ó ní nikotíìnì nínú, àti oògùn mẹ́ta mìíràn, varenicline, bupropion àti cytisine, pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ìrànlọ́wọ́ irú èyí lè sọ iye àwọn tí yóò dúró di ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣingọ́ọ̀mù náà ń fún ọpọlọ ní nikotíìnì díẹ̀díẹ̀ láìsí èéfín, ọ̀dà àti oró, kí ara má bàa bọ́ sínú ọ̀fìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ìtajà oògùn ní Accra ni ènìyàn ti lè rí i, owó rẹ̀ kò sì rọrùn fún awakọ̀ trotro. Ní ọdún 2023 ni ilé aṣòfin Gánà fi kún owó orí tí à ń gbà lórí sìgá. Ohun tí ó dára ni, nítorí kò sí ohun tí ó ń dín sìgá mímu kù tó ọ̀wọ́n rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí bárakú dè, tí a kò sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀, a ti sọ ìyà rẹ̀ di orísun owó ni.

Àwọn kan á sọ pé ẹni tí ó ti fi ogún ọdún mu ún, kí ni ìwúlò jíjáwọ́? Ìdáhùn sí èyí ti wà nílẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1950 ni Richard Doll àti Austin Bradford Hill tẹ ìwádìí wọn jáde tí ó so sìgá mọ́ àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Doll fúnra rẹ̀ ń mu sìgá nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó rí nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ ni ó mú un jáwọ́. Ní ọdún 1951 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe é fún àádọ́ta ọdún. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2004 fi hàn pé ẹni tí ó bá jáwọ́ ní ẹni 60 ọdún ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta padà nínú ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni 50 ọdún ń gba mẹ́fà. Ẹni 40 ọdún ń gba mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó bá sì jáwọ́ ní ẹni 30 ọdún, bíi mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọdún kan ṣoṣo, ewu àrùn ọkàn tí sìgá ń fà ti dín kù sí ìdajì.

Bí awakọ̀ náà bá ṣubú ńkọ́? Bí ó bá mu ẹyọ kan ní ibi ìnáwó òkú náà, ìwà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ó ní, ‘Ó ti bàjẹ́ nìyẹn,’ kí ó sì ra odindi páálí ní ọ̀nà ilé. Ẹyọ kan kì í ṣe páálí. Kí ó da ìyókù nù, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ó tó gbà á, bóyá ọtí ni tàbí ìbínú tàbí ọ̀rẹ́, kí ó sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti bọ́ pátápátá lónìí ni wọ́n gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Láti Korle Bu títí dé ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà ní ìgbèríko Accra, nọ́ọ̀sì kankan kò nílò ẹ̀rọ tuntun kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ìlànà ọdún 2024 náà sọ pé ìmọ̀ràn tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru aláìsàn, kí ó kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń mu sìgá, kí ó sì bi í láìfi ojú burúkú wò ó. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè méjì ni ó kù tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn bí bárakú náà ti le tó: ẹyọ mélòó ni ó ń mu lóòjọ́, àti ìṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn tí ó bá jí ni ó ń mu àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ń mu ún kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn oorun ni ó nílò oògùn àti àbẹ̀wò jù. Lẹ́yìn náà, kí nọ́ọ̀sì mú ọjọ́ kan pẹ̀lú rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì sọ fún un pé kí ó padà wá ní ọjọ́ kẹta, àti ní ọjọ́ kẹjọ.